Ìwé Ara Gíláàsì Kọ́ Ni Owó-Orí Ọkọ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba lónìí, àwọn mìíràn nínú yín sì ń múra àtilọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ owó-orí mọ́tò ni. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò tíì rí ìjà rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí ìyá tí ó bí mi jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀ nínú òtútù ìlú òyìnbó, láìmọ ẹnikẹ́ni, láìmọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

Nílé, ojú gíláàsì ni a ti ń mọ ọkọ̀ tí ó ní ìwé. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró ní Mọ́kọ́lá tàbí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, gíláàsì iwájú ni ojú rẹ̀ ń kọ́kọ́ lọ, kí ó tó sọ pé kí a kó pátíkúlà jáde. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a rọra na ọwọ́ sí ara gíláàsì, a ní, "Ẹ wò ó, sà." Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó rékọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Àṣà náà ni mo gbé lọ́wọ́ lọ sí ìlú oní-ìlú, òun náà ni ó sì tì mí sínú kòtò.

Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1921 ni wọ́n ti ń lo ìwé róbótó kan tí ọlọ́kọ̀ ní láti lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára rẹ̀, oṣù àti ọdún tí owó-orí náà yóò tán sì wà níbẹ̀ gàdàgbà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lè kà á bí ó ti ń kọjá lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń kó àwọn tí ó ti pẹ́ jọ bí ẹni ń kó sítáǹbù lẹ́tà jọ. Ọdún 93 ni wọ́n fi lo ìwé yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìjọba ní kí wọ́n ṣíwọ́. Wọn kò tẹ ìwé mọ́, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni lẹ nǹkan kan mọ́ gíláàsì mọ́.

Àwa àlejò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. A gbọ́ pé ìwé ti kúrò. A kò gbọ́ pé òfin mìíràn bá a rìn.

Ní àárín oṣù kọkànlá ọdún 2014 náà, mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A ná ọjà náà títí, ẹ̀gbọ́n kò gbà. Nígbà tí ó yá, ó na ìka sí ìwé róbótó tí ó ṣì wà lójú gíláàsì láti oṣù kẹrin, ó ní: "Àbúrò, wò ó fúnra rẹ. Ìparí oṣù kẹta ọdún tí ń bọ̀ ni owó-orí rẹ̀ tó tán. Oṣù mẹ́rin gbáko lẹ́yìn èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni ìwọ yóò fi gun ọkọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ṣé ìyẹn kì í ṣe owó ni?"

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n." Mo fi £50 kún iye tí mo ti pinnu láti san, a sì bọ ara wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà dá a lẹ́bi: ẹ̀gbọ́n yẹn kò purọ́ fún mi. Ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí ó ti dé Ìlú Ọba nìyẹn. Bí o bá ra ọkọ̀, ìwé ara gíláàsì a tẹ̀lé e títí oṣù rẹ̀ yóò fi pé. Ṣùgbọ́n òfin ti yí padà ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí a ń ná ọjà yìí, àwa méjèèjì kò sì mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ya ìwé pélébé aláwọ̀ ewé kan lára ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ó fún mi. Ó fi ìyókù ránṣẹ́ sí Swansea, ní ilẹ̀ Wales, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àkóso ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́nsì awakọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní DVLA. Mo sọ ìwé pélébé náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Nígbà tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tuntun dé lórúkọ mi, ohun kan ṣoṣo tí mo yẹ̀ wò ni bóyá wọ́n kọ orúkọ mi dáadáa, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí òyìnbó kọ ọ́ bí ó ti yẹ. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Inú mi dùn, mo sì pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, lẹ́tà mìíràn tún dé nínú àpò aláwọ̀ ilẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, oorun sì wà lójú mi. Mo gbé lẹ́tà náà ka orí fìríìjì, mo ní n óò kà á tí àyè bá yọ. Èmi olùkọ́, tí mo ń na ọmọ nítorí pé kò ka ìbéèrè tán kí ó tó dáhùn!

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ọdún 2015, ìyá mi ń bọ̀ láti Èkó. Ẹni ọdún 71 ni, kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé rẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ọkọ̀ wọn yóò balẹ̀ ní Heathrow. Mo ti fọ mọ́tò mi, mo ti gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ìyá mi. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo jáde síta ní Peckham níbi tí mò ń gbé. Yìnyín ti bo gbogbo òpópónà. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo wo ilẹ̀, mo sì rí i.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin ńlá kan, pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ni wọ́n fi há táyà iwájú mi. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ gíláàsì pé ọkọ̀ yìí kò san owó-orí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbìyànjú láti wà á. Ọwọ́ òsì ìwé náà gan-an ni ìwé róbótó ẹ̀gbọ́n wà, tí ó ń sọ pé ó di ìparí oṣù kẹta ọdún 2015. Ìwé méjì lójú gíláàsì kan ṣoṣo: ọ̀kan ní mo ti san, èkejì ní n kò san. Èyí tí ó ní n kò san ni ó sọ òótọ́.

Takisí tí mo kọ́kọ́ pè kò wá. Èkejì dé nígbà tí aago mẹ́fà ti kọjá, ó sì gba £55 lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a ó fi dé Heathrow, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ òwúrọ̀ ti dé, ó sì ti di aago mẹ́jọ ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bá ìyá mi lórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ń dá ṣí tí ń dá pa dé, afẹ́fẹ́ òtútù sì ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣí. Obìnrin ọmọ Yorùbá kan tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ti bọ́ kóòtù tirẹ̀ wọ̀ ọ́, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ kí ó má baà bẹ̀rù. Títí di òní ni mò ń gbàdúrà fún obìnrin náà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi kò bínú, kò sì sunkún. Ó kàn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Mo ti rò pé bóyá nǹkan kan ti ṣe ọ́ ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà tí a délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ fóònù kiri. Owó tí wọ́n fi ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jẹ́ £100. Bí ẹni tí wọ́n dè ní ọkọ̀ kò bá lè fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé òun ti san owó-orí, yóò tún fi £160 sílẹ̀ bí ìdógò, èyí tí wọn óò dá padà fún un nígbà tí ó bá san án. Bí wákàtí 24 bá sì kọjá láìṣe nǹkan kan, wọ́n lè wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Mo yára san owó-orí ọdún kan, £145, nítorí náà ìdógò kò kàn mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí lẹ́tà orí fìríìjì. Ìtanràn £80 ni wọ́n bù fún mi nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ pé bí mo bá san án láàárín ọjọ́ 33, £40 péré ni wọn óò gbà. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọjọ́ náà kò tíì pé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: £100, £40, àti £55 takisí. £195 lọ lófo ní òwúrọ̀ kan, láìka £50 tí mo ti fi ra oṣù mẹ́rin tí kò sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ń ṣàlàyé fún ìyá mi, mo ń sọ pé òfin òyìnbó kò dára, pé ẹnìkan ti san owó-orí ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ń bi mí. Ìyá mi ti ta aṣọ ní Gbági fún ọdún tí ó lé ní ogójì. Ó fi mí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní:

"Ìwọ tí o kàwé yìí! Bí mo bá ra gbogbo aṣọ tí ó wà níwájú obìnrin kan ní Gbági, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì tí ó já lówùúrọ̀ ọjọ́ náà yóò tẹ̀lé aṣọ wá sí ìsọ̀ mi? Aṣọ kọ́ ló já tíkẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ ló já a. Bí agbowó-ọjà bá dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà á já tèmi."

Ẹ̀yin ará, n kò tíì gbọ́ ẹni tí ó ṣàlàyé òfin náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà nínú ìwé ìjọba tàbí lẹ́nu amòfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2014, owó-orí kì í tẹ̀lé ọkọ̀ mọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé. Ní ọjọ́ tí ẹni náà bá ta ọkọ̀, tí ó sì fi tó DVLA létí, owó-orí rẹ̀ kú. Ìjọba yóò dá owó oṣù tí ó kù padà fún ẹni tí ó tà á. Odindi oṣù nìkan ni wọ́n sì ń kà. Oṣù tí ọjà náà bọ́ sí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rà á gbọ́dọ̀ san tirẹ̀ kí ó tó wà á kúrò níbi tí ó ti rà á, wọn óò sì ka tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Nítorí náà, olùtà àti olùrà ni ó jọ ń san owó oṣù kan náà. Bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, bí òfin ti wí nìyẹn. Ìwé pélébé aláwọ̀ ewé tí mo sọ sínú dúrọ́ọ̀ yẹn ni ó yẹ kí n fi san án lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà 12 wà lára rẹ̀ tí a ń lò fún un, yálà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí lórí fóònù, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ lè bi mí pé: bí kò bá sí ìwé lójú gíláàsì mọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọkọ̀ tí kò san? Nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n ń kà. Kámẹ́rà wà lójú títì, ó wà lórí afárá, ó wà lára ọkọ̀ ọlọ́pàá àti ọkọ̀ àwọn tí ń de táyà. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, kámẹ́rà ti ka nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ti bi kọ̀ǹpútà léèrè. Kò sí "Ẹ wò ó, sà." Kò sí ẹni tí a óò bẹ̀. Ọlọ́pàá ilé ń wo gíláàsì; kámẹ́rà òyìnbó kò tilẹ̀ mọ̀ pé gíláàsì wà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí ó yẹ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní, kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkọ̀ ń fẹ́ ní Ìlú Ọba: owó-orí, ìnṣọ́ránsì, àti àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. Ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ fún MOT lọ́dọọdún, owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju £54.85 lọ. Bí MOT bá ti kú, ẹ kò lè san owó-orí. Ní ti ìnṣọ́ránsì, ẹni tí wọ́n bá mú lójú títì láìní in lè san £300, kí wọ́n sì fi àmì 6 sí láísẹ́nsì rẹ̀. Ọlọ́pàá sì lè gba ọkọ̀ náà. Ẹ kíyè sí àmì 6 yẹn dáadáa. Láísẹ́nsì Nàìjíríà ṣeé lò fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti di olùgbé ibẹ̀; lẹ́yìn náà, yóò ṣe ìdánwò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò náà bá sì gba àmì 6 láàárín ọdún méjì, láísẹ́nsì rẹ̀ ti lọ nìyẹn, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà ni ó fi ń jẹun ńkọ́?

Èkejì, ọkọ̀ tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì jẹ gbèsè kan náà pẹ̀lú èyí tí ń rìn. Àwọn ènìyàn wa a máa wá sílé ní oṣù kejìlá, wọn a lo oṣù méjì, wọn a fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní òpópónà, wọn a ní kò ṣá rìn. Òfin kò gbọ́ ìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ san gbọ́dọ̀ fi tó DVLA létí pé ọkọ̀ òun ti kúrò lójú títì. Ìkéde náà ni wọ́n ń pè ní SORN. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ẹni tàbí inú gáréèjì ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ìta gbangba. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè gbà jáde sójú títì ni bí ó bá ń lọ fún MOT tí a ti dá ọjọ́ fún. Bí ẹ bá sì ra ọkọ̀ tí ó wà lórí SORN, ìkéde ẹni tí ó tà á kò tẹ̀lé e wá sọ́dọ̀ yín. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà náà ni.

Ẹ̀kẹta, owó náà kò dọ́gba. Ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú oṣù kẹta ọdún 2001, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tóbi tó ni wọ́n ń wò. Láti ìgbà náà títí dé ìparí oṣù kẹta ọdún 2017, bí èéfín rẹ̀ ti pọ̀ tó ni. Èyí tí ó dé lẹ́yìn ìyẹn, ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń wo èéfín. Lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ jùlọ ń san iye kan náà, èyí tí ó jẹ́ £195 lọ́dún nígbà tí ìjọba gbé e kalẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn tí ó ra ọkọ̀ oníná mànàmáná nítorí pé kì í san owó-orí kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àǹfààní náà dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025. Bákan náà, ọkọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ òdo pàápàá, irú bí ọkọ̀ ogbó tí ó ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tí ó ni ín ṣì ní láti lọ gba àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, báńkì lè máa yọ ọ́ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n wọn óò fi £5 lé gbogbo £100.

Ẹ̀kẹrin, àdírẹ́sì. Ọmọ wa tí ó bá ń háyà yàrá lè kó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Gbogbo lẹ́tà ìjọba nípa ọkọ̀, àdírẹ́sì tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ó ń lọ. Ẹni tí kò bá yí i padà, ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000, yàtọ̀ sí àwọn lẹ́tà tí yóò máa jó rẹ̀yìn nílé àtijọ́. Kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n sì máa ya lẹ́tà wò. Ẹni tí ó ń kọ èyí ni ẹ bi léèrè.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n tó san owó ọkọ̀, kí wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ojúewé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi hàn bóyá owó-orí àti MOT rẹ̀ wà láàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àtẹ̀ránṣẹ́ fóònù sọ fún wọn pé ìjọba fẹ́ dá owó-orí padà, kí wọ́n wá tẹ ibì kan kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà báńkì wọn síbẹ̀, olè ni.

Ẹ̀kẹfà, ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo àgbègbè Lọ́ńdọ̀nù ni ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ ju ìwọ̀n lọ ti ń san £12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn níbẹ̀. Owó yìí kì í ṣe owó-orí, ẹni tí ó san owó-orí kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí géètì, kò sí agbowó, kò sí ìwé. Kámẹ́rà náà ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní ọmọ àwọn kò sí ní Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà ni ó wà. Òtítọ́ ni, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àṣà tirẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní Houston, sítíkà ìforúkọsílẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ wà lára gíláàsì iwájú, ní ìsàlẹ̀ níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹni tí kò bá lẹ̀ ẹ́ ti rú òfin. Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Jámánì yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá níbẹ̀ ń bèèrè sítíkà èéfín lójú gíláàsì. Ní Austria àti Switzerland, wọ́n ń san owó kan kí ọkọ̀ tó lè gba òpópónà márosẹ̀ wọn, yálà wọ́n lẹ sítíkà rẹ̀ tàbí wọ́n forúkọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀ fún un. Ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, ìwé ìgbọ́kọ̀sí àwọn aláàbọ̀ ara ṣì ń hàn lẹ́yìn gíláàsì. Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹ máa ya sítíkà dànù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé òfin ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn, kí ó sì máa retí pé yóò bá ibẹ̀ mu.

Mo fẹ́ parí ìtàn mi. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá mi dé, ẹ̀gbọ́n tí ó ta ọkọ̀ fún mi wá kí wọn. Ìyá mi ni ó ròyìn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà fún un, èmi kò fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ lọ kánrin. Ó wá ní, "Háà! Sọ̀wédowó kan dé ọ̀dọ̀ mi láti Swansea kí ọdún tó tán. £48 àti sílè díẹ̀ ni. Mo rò pé wọ́n ṣì í kọ sí mi ni." Kò ṣì wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Owó oṣù mẹ́rin tí ó tà fún mi ni ìjọba dá padà fún un.

Nínú òfin, tirẹ̀ ni owó náà, n kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n dìde, ó fa £50 yọ, ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi fún un. N kò lè ta ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì." Ìyá mi kà á, ó fún mi ní £40, ó sì fi £10 sí inú àpò tirẹ̀.

Mo ní, "Màmá, èyí ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyẹn ni owó tíkẹ́ẹ̀tì tèmi."

Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà kan kì í sùn lórí fìríìjì mi mọ́.